Àṣírí Tó Wà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni Bàbá Pánẹ́ẹ̀lì pa fún wa láàárọ̀ Sátidé kan ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé Píjó 504 bàbá wa sókè. Lójú tiwa, kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún dáadáa, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tó wọ́ la gbé e wá tún ṣe, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ̀ pé a tọ́jú rẹ̀. Bàbá Pánẹ́ẹ̀lì ò tiẹ̀ wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn tú àga iwájú, kó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Ó ká a, a sì rí ilẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ mọ́tò là ń sọ o. Ilẹ̀ pupa Abẹ́òkúta gan-an ni, pẹ̀lú èèpo ọsàn tí ẹnì kan jù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Àwa ọmọ mẹ́rin la jogún mọ́tò yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ni Bàbá, ọdún 1982 ni wọ́n sì rà á ní tuntun. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fún àlejò pé Kàdúná ni mọ́tò àwọn ti wá. Faransé ni Peugeot ti kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ọdún 1968, ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Kàdúná ti ń to Peugeot níbí. 504 wá di mọ́tò ọ̀gá, mọ́tò dókítà, mọ́tò tíṣà àgbà. Ó tún di mọ́tò akérò tó ń ná ìlú dé ìlú. Ẹni tó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta ní ìgbà tiwa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú 504 ló ti kọ́kọ́ bì nítorí ìrìn àjò Èkó.

Kí ló dé tí a fi fẹ́ tà á? Nítorí òrùlé ni. Ilé tí Bàbá kọ́ ni Màmá ṣì ń gbé, páànù rẹ̀ sì ti dógùn-ún, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ máa rí bí ẹ bá gun orí Òkè Olúmọ tí ẹ wolẹ̀: pupa rúsúrúsú títí ojú fi lè ríran dé. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní ó lẹ́wà. Ó lẹ́wà lóòótọ́ fún ẹni tí kò sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, abọ́ mẹ́ta la máa ń gbé sí pálọ̀. Owó mọ́tò la fẹ́ fi ra páànù tuntun. A ti rí oníbàárà kan láti Èkó tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò sì wá.

Bàbá Pánẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́ wọn. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà méjì ló wà,” ni wọ́n wí. Àkọ́kọ́: kí wọ́n gé páànù lé ojú ihò, kí wọ́n fi fílà dí etí rẹ̀, kí wọ́n kun ọ̀dà dúdú sí i lókè nísàlẹ̀, kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọjọ́ méjì péré. “Ojú ẹni tó bá rà á ò ní tó o, ó kéré tán fún ọdún kan.” Ìkejì: kí wọ́n gé gbogbo ibi tó ti jẹ kúrò títí wọ́n á fi dé irin tó le, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n sì wá fi ọ̀dà tó yẹ bò ó ní ipele-ipele. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́. “Èyí tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.”

A délé, a rò fún Màmá. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ bo àṣírí bàbá yín,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń káṣọ rẹ̀ sókè.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wa dúró, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú gbogbo àdúrà tí à ń gbà nílẹ̀ Yorùbá, èwo ló wọ́pọ̀ tó “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú”? Bíbo àṣírí wà lára ohun tí a fi ń mọ ènìyàn gidi. Aládùúgbò tó rí i pé iná ò jó nílé ìdáná yín láti àná, tó wá rán ọmọ rẹ̀ pé “ìyá mi ní kí ẹ bá wa tọ́ ọbẹ̀ yìí wò”, àṣírí ló bò. Ọ̀rẹ́ tó san owó ilé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò sọ ọ́ fún ìyàwó ara rẹ̀, àṣírí ló bò. Àwa ọmọ ayé ìsinsìnyí ni a sọ títú àṣírí di eré. Ẹnì kan á ṣubú lójú títì, a ó kọ́kọ́ fa fóònù yọ kí a tó na ọwọ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí ìyá ẹni ọmọ àádọ́rin ọdún bá ní kí a bo nǹkan, kò yẹ ká máa wò wọ́n bí ẹni tó ń kọ́ni ní irọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò jẹ́ ká sùn. Ṣé gbogbo bíbò ni bíbo àṣírí? Ihò tó wà lábẹ́ àga mọ́tò tí à fẹ́ tà fún ọmọ ọlọ́mọ, àṣírí ta ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ìpáàrà jẹ́ ná, nítorí pé irin fúnra rẹ̀ ní nǹkan láti sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló máa ń pàdé kí ìpáàrà tó wáyé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, kò sí ìpáàrà. Iyọ̀ máa ń mú kó yá sí i. A rò pé omi títì ló jẹ ilẹ̀ mọ́tò Bàbá láti ìsàlẹ̀. Bàbá Pánẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá, láti inú ni. Rọ́bà tó di gíláàsì iwájú mú ti gbó, omi òjò ti ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé láti ọjọ́ pípẹ́. Bàtà tútù tiwa náà ń gbé omi wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù abẹ́ rẹ̀ ń mu omi náà bíi kànìnkànìn, wọn ò sì jẹ́ kó gbẹ, àfi bí ọyẹ́ bá mú gan-an. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà dá ihò kéékèèké sí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dé e, kí ènìyàn lè ṣí i bí omi bá wọlé. A ò ṣí i rí. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Kápẹ́ẹ̀tì tí a ń gbá lójoojúmọ́ kí mọ́tò lè mọ́ ni ìpáàrà ń gbé abẹ́ rẹ̀ jẹun. Ti Ìjàpá, ìyẹn fọ́kísíwágìnì àtijọ́, tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, ásíìdì á máa kán sí ilẹ̀ mọ́tò níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò dé.

Bí ènìyàn bá wá kun ọ̀dà lé ìpáàrà, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ìpáàrà kì í ṣe àwọ̀ lásán. Ó ní ihò wínníwínní nínú, omi àti iyọ̀ sì lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ó tún máa ń gba ààyè ju irin tó jẹ lọ, ó ju ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wú, tó ń ti ọ̀dà kúrò lára. Ọ̀dà dúdú bíi kóòtà tí wọ́n ń kùn sí abẹ́ mọ́tò dára púpọ̀ bó bá bá irin tó mọ́ tó sì gbẹ. Bó bá bá ìpáàrà, tó sì wá sán lọ́jọ́ kan, omi á gba ojú ibi tó sán wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Nígbà yẹn, ọ̀dà tí a ní kó lé omi ló ń ṣọ́ omi. Ẹ má gbàgbé pé ilẹ̀ 504 kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Mọ́tò yẹn ò ní férémù lọ́tọ̀ lábẹ́. Ara rẹ̀ gan-an ni férémù rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ló di àga mú. Bí mọ́tò bá kọlu nǹkan, irin tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó máa pinnu bóyá àga á dúró síbi tó wà.

Kì í ṣe pé bíbò burú. Ẹ lọ sí Ìtọ̀kú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláàdìrẹ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi láfún ro ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya á sára aṣọ funfun. Ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ọkùnrin máa ń gé àwòrán sí páànù pẹlẹbẹ, wọ́n á gba ojú rẹ̀ fi ẹ̀kọ náà sára aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, funfun á sì yọ. Ẹ wò ó dáadáa: aláàdìrẹ bo aṣọ láti pa ohun tó dára mọ́, ó sì mọ̀ pé òun máa ṣí i lọ́jọ́ kan. Bí aṣọ náà bá ti ní àbàwọ́n kó tó fi ẹ̀kọ bò ó, àbàwọ́n yẹn náà ló máa bá níbẹ̀ nígbà tó bá ṣí i. Ẹ̀kọ kì í fọ aṣọ.

Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun mọ bíbò tó burú dáadáa. Níbi iṣẹ́ kan tí a ti ṣe rí, a ń kọ ètò kan tí àwọn oníṣòwò á fi máa dá àjọ lórí fóònù. Ó ku ọjọ́ kan tí a máa fi han àwọn ọ̀gá, ibì kan nínú kóòdù náà ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ò sì mọ ìdí. Kí la ṣe? A fi try àti catch yí ibẹ̀ ká, a sì fi inú catch sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kóòdù ti ń rẹ́rìn-ín. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ohun tí a sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé: bí nǹkan bá bàjẹ́ níbí, má pariwo, máa lọ. Àṣìṣe náà ò dẹ́kun; ariwo rẹ̀ ló dákẹ́. Lẹ́tà pupa pòórá lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá kan tó ń ta ata pè pé òun ti san owó àjọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ òun ò fi í hàn. A wá a títí a fi dé inú catch yẹn. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n ojú tì wá títí di òní. Owó ìyá aláta la fi bo àṣírí ara wa.

Láti ibẹ̀ la ti rí ohun tí a lè fi ya àwọn nǹkan méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Bí àṣírí kan bá tú, ta ló máa já lé lórí? Bí aládùúgbò bá bo ebi tó ń pa yín, tí ọ̀rọ̀ náà sì tú, ìtìjú yín ni. Ẹ̀yin lẹ ní i, ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n bò ó. Ilẹ̀ mọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá já, kì í ṣe àwa ló máa já lábẹ́ wa. Ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni, òun àti ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Ohun tó lè ṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ kì í ṣe àṣírí wa mọ́. Ìròyìn tirẹ̀ ni, ọwọ́ wa ló kàn wà.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ṣebí olùrà ní ojú, kí ló dé tí kò ká kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀? Òótọ́ ni pé ọjà títà kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. A ò ní láti sọ fún un pé Bàbá ò fẹ́ràn àwọ̀ mọ́tò náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn dákẹ́ àti kí ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun nítorí kí ẹlòmíràn má baà rí. Ẹni tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ti sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wá láti apá ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì lásìkò òtútù, abẹ́ wọn ti jẹ kí wọ́n tó gun ọkọ̀ ojú omi, ọ̀dà dúdú ni wọ́n sì fi ń kí wa káàbọ̀. Wọ́n ti ta irú rẹ̀ fún ọ̀kan nínú wa rí. Ohun tí ó kọ́ wa nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń dunni tó; a ò rí ibi tó ti fún wa láṣẹ pé kí a ṣe é fún ẹni tó kàn.

Èyí tó le jù lọ ni ti òrùlé. Òtítọ́ rọrùn fún ẹni tí òjò ò pa. Bí a bá sọ fún olùrà, owó máa dín, Màmá ló sì máa sùn sábẹ́ abọ́ mẹ́ta. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí a ní ni pé ìyà náà kò ní parẹ́ bí a bá dákẹ́. A kàn máa gbé e lé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa òrùlé wa ni.

Ní ọjọ́bọ̀, a padà sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè há ibi tó kù wò. Lábẹ́ àga awakọ̀, lábẹ́ ọ̀dà tó nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ iṣẹ́ yọ páànù kan jáde, páànù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wa ló ṣe é. A mọ ọwọ́ wọn: wọ́n máa ń tẹ etí gbogbo páànù wọlé kó má baà gé ènìyàn lọ́wọ́.

Wọ́n mọ̀ nígbà náà. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé wa lọ sílé-ìwé, wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí SAP dé ní ọdún 1986, owó oṣù ò tó nǹkan mọ́, irin mọ́tò sì di ọ̀wọ́n. Wọ́n fi ohun tó wà nílé dí ibi tó jò. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa? A ti jiyàn lórí rẹ̀, a ò sì tíì fẹnu kò. Èyí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní wọ́n fi ẹ̀mí wa wewu. Èyí àbúrò wa ní abẹ́ àga tiwọn gan-an ni ihò náà wà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń jókòó lé e. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Bàbá Pánẹ́ẹ̀lì ní tiwọn gbé páànù náà síta sínú oòrùn, wọ́n ní kí a wò ó. Ẹ mọ̀ pé irin tí wọ́n fi síńkì bò ni páànù. Ọdún 1837, ọdún méje péré lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, ni Stanislas Sorel gba àṣẹ lórí iṣẹ́ yìí ní Faransé. Síńkì máa ń jẹ́ kí ìpáàrà jẹ òun kó tó kan irin. Kódà bí nǹkan bá ha á, yóò ṣì máa gba ìyà irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ. Kò lè ṣe é títí ayé. Bó bá tán, ó tán. Síńkì ara páànù Bàbá ti tán tipẹ́.

A gbé páànù náà lọ sílé. Màmá gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. “Páànù ilé ìdáná ni,” ni wọ́n wí. “Mo bi wọ́n nígbà yẹn pé ta ló gé e. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni.” Wọ́n jókòó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: “Ti wa ni a fi bò. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.”

Ọkùnrin Èkó náà dé ní Sátidé. A ti ká kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó tó dé. Ó fi iná fóònù rẹ̀ wò ó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì dá ìdajì owó. A ò gbà. Ó lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó bá sọ òtítọ́ á rí èrè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

A dáwó jọ, a ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà kejì. Wọ́n gé e títí wọ́n fi dé irin tó ń dún gbangan. Wọn ò lo páànù òrùlé. Wọ́n ní bí wọ́n bá jó síńkì, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà sí alájòórin lára. Irin tuntun ni wọ́n jó mọ́ ọn. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí ìpáàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi phosphoric acid pa á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì nínú oòrùn. Ọ̀dà onísíńkì ló kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà gíláàsì iwájú, nítorí pé kí là ń tún ilẹ̀ ṣe sí bí omi bá ṣì ń wọlé? Wọ́n fi ihò omi sílẹ̀ láìdí i pa, wọ́n sì fi hàn wá bí a ó ṣe máa ṣí i.

Ọ̀dà dúdú ló kẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa nígbà tí Bàbá Pánẹ́ẹ̀lì dá a dúró. “Ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀ ná,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá ti bò ó, ẹnu yín nìkan ló kù.”

A ya mẹ́tàdínlógún. A tẹ̀ wọ́n sórí pépà, a kó wọn sínú àpòòwé, a fi ọ̀kan tó jẹ́ ti páànù Bàbá kún un, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú àpótí iwájú mọ́tò. Ẹni tó bá wá wò ó, àpòòwé yẹn la kọ́kọ́ ń fún un. Títí di àkókò tí à ń kọ èyí, ènìyàn méjì ti wá. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn máa padà pè. Abọ́ ṣì wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ku méjì.